Gbólóhùn Tí N Kò Túmọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Kùtọnu. Kò gbọ́ Faransé, èmi sì gbọ́ ọ, olùkọ́ ni mí ní Ifangni. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbìn ní Ko-Koumolou. Nígbà tí kókó yọ sí i lọ́rùn, a rò pé kò ju ọ̀fun dídùn lọ, àfìgbà tí wọ́n sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, inú ọ̀fun ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà náà ò kánjú. Ó ya orí àti ọrùn ènìyàn sórí ìwé, ó ní oríṣi ìtànṣán méjì ni wọ́n fi ń jó àrùn náà. Fótọ̀n, èyí tí a lè rí nítòsí, a máa gba ara àrùn kọjá, a sì jáde lódìkejì. Ohun tó bá wà lọ́nà ni yóò fara gbá a. Prótọ̀n, oríṣi kejì, máa ń dúró síbi tí wọ́n bá rán an dé. Ó ní òun ò lè búra pé ó ń wo àrùn náà sàn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ó lè dá itọ́ àti adùn ẹnu sí. Yúróòpù ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí a bá fẹ́, òun á kọ lẹ́tà sí wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

"Ó ní wọ́n á fi ìtànṣán kan sí ọrùn yín, bí iná tí a ò lè fojú rí. Ara yín á yá, Ẹ̀gbọ́n."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo sọ fún ara mi pé mo ń ṣàánú rẹ̀ ni. Ta ni yóò gbé wa dé Yúróòpù?

Òdìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, la ti gba ìtọ́jú, fótọ̀n ni wọ́n sì lò. Wọ́n á fi ìbòjú oníke de orí rẹ̀ mọ́ ibùsùn kó má baà mira. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnu rẹ̀ ti bó. Àrùn náà lọ lóòótọ́, itọ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Títí dòní kò lè gbé òkèlè mì láìfi omi tì í, ó sì ní ọbẹ̀ dà bí eérú lẹ́nu òun. Nígbà mìíràn, tí mo bá kọjú sí pátákó, tí gbogbo kíláàsì dákẹ́, mo máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́, mo jẹ́wọ́ ohun tí dókítà sọ nípa prótọ̀n àti Yúróòpù fún un. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ká ní o sọ ọ́, ibo ni mi ì bá gbà dé ọ̀hún? Mi ò bá má lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni, àbúrò. Èmi ló yẹ kí n sọ pé mi ò lọ."

Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún padà lọ fún àyẹ̀wò, bí dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀, èmi ló ń wò. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kí n tún un sọ.