Sódábì Fún Àwọn Tí Ojú Ò Rí

Àga oníke ni ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Badagry fẹ́ kó sínú yàrá àyẹ̀wò wa. Wọ́n ti tò wọ́n lérí ara wọn sẹ́nu ọ̀nà, à ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní bí a kò bá lè fi ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ han àwọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí a kó ẹrù wa. Inú bí mi débi pé mo ta àga kan nípàá. Ẹsẹ̀ mi ló wú.

Omi kànga àwọn abúlé etí ọ̀sà là ń yẹ̀ wò, bóyá kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀. Kí a tó lè dá irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ mọ̀, a ní láti yọ DNA rẹ̀, okùn àbùdá tó mú kó jẹ́ ara rẹ̀. Èròjà òkè òkun tí wọ́n fi ń ṣe é wọ́n bí imí eégún. Mo wá ọ̀nà tó rọrùn: mo se kòkòrò náà nínú omi, mo fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti iyọ̀ sí i, mo wá da ọtí líle tó tutù nini lé e. Okùn àbùdá náà á yọ funfun bí òwú. Ṣùgbọ́n ọtí wa tán.

Mo wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tópò, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń fi ẹmu se sódábì, ọtí líle bí ògógóró. Mo ní èyí tó kọ́kọ́ ń kán láti ẹnu páìpù, tí iná ń ràn mọ́, ni mo fẹ́.

"Ta ló fẹ́ mu ún?"

"Kì í ṣe mímu, Màmá. Kòkòrò ni mo fẹ́ dà á sí. Àwọn tí ojú ò rí."

Ó gbé ìgò sílẹ̀. "O fẹ́ da ọtí fún àwọn tí ojú ò rí, ìwọ nìkan?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun fúnra òun ló máa gbé ọtí náà wá.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ dé, màmá wọlé nínú aṣọ funfun, rósárì lọ́rùn, ìgò sódábì nínú kúlà yìnyín tó ń rùn fún ẹja. Alága ìgbìmọ̀, ọmọ Ègùn láti ìlú Àpá, ń tẹ fóònù rẹ̀. Bó ṣe rí ìgò lọ́wọ́ àgbà, ó bọ́ bàtà bí ẹni tó dé ojúbọ. Gbogbo wọn bọ́ bàtà.

Màmá ṣe àmì àgbélébùú, ó wá ń fi èdè Ègùn pe àwọn baba ńlá tó ti lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ti ń pè ló ń ta ọtí sílẹ̀. "Àṣẹ," ni alága ń wí. Ìgò ń fúyẹ́, mo ń fi ojú wọn ohun tó kù fún iṣẹ́ mi. Ó tún bu fún wọn mu. Pásítọ̀ àárín wọn fi ètè kàn án, ó ní nítorí àṣà ni.

Mo já ìgò gbà, mo da ìyókù sínú túùbù tí mo ti bu omi kòkòrò sísè sí. Okùn funfun náà yọ, ó ń gòkè jẹ́jẹ́.

"Ẹ wò ó! Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ wò ó!"

Kò sẹ́ni tó wò ó. Wọ́n ṣì di ojú. Nígbà tí alága lajú, ó ní, "Ẹ kó àga wọ̀nyẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló máa to àga sórí ibi tí wọ́n ti ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba?" Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jáde, bàtà lọ́wọ́.

Yàrá di tiwa. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi, mo bú sẹ́kún.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Kò sẹ́ni tó rí i, Màmá."

Ó wo túùbù náà, ó wo ilẹ̀ tí ọtí ṣì rin.

"Àwọn tó yẹ kó rí i ti rí i."