Bẹ́líìtì Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìyá Ọkọ Mi

Òórùn rọ́bà tuntun àti òrí ló máa ń gbé mi padà sí ilé tí a gbé ní Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́, nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ìyá ọkọ mi ló gbé òrí náà wá láti Oǹdó, pẹ̀lú ike ògì kan, ẹja gbígbẹ, àti kẹ́túlù ńlá tiwọn, nítorí wọn kò fọkàn tán kẹ́túlù ẹlòmíì láti fi gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná. Èmi ni mo ni rọ́bà, abẹ́ aṣọ ni mo sì fi í pamọ́ sí.

Ìwọ náà mọ bí ara ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká wá kí mi, ọ̀kan nínú wọn wo ikùn mi, ó ní, "Màdáàmù, ṣé kì í ṣe ìbejì lẹ bí, tí ọ̀kan ṣì kù sínú?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti ní kí ọ̀rẹ́ mi kan bá mi ra bẹ́líìtì rọ́bà tí àwọn obìnrin ń pè ní wéèsì tirénà. Ìlà ìkọ́ mẹ́ta ló ní, kí èèyàn lè máa fún un díẹ̀díẹ̀. Èmi ò ní sùúrù díẹ̀díẹ̀. Ìlà tó há jù lọ ni mo kó sí lọ́jọ́ kìíní. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn nígbà tí mo dúró níwájú dígí, ìbàdí mi ti padà dé. Àmọ́ mi ò lè mí kanlẹ̀, mi ò sì lè jẹun.

Ìyá ọkọ mi kò mọ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n tó fi tówẹ̀lì àti omi gbígbóná tẹ ikùn mi, mo máa ń sáré bọ́ ọ, mà á tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Tí wọ́n bá tẹ ikùn tán, wọ́n á lọ po ògì fún mi, abọ́ ńlá kan, kí omi ọmú lè wà. Kí wọ́n tó gbé e dé, mo ti tún kó sínú rọ́bà. Ṣíbí mẹ́rin péré, mo ti yó. Wọn ò ní tíì yíjú tán tí mo ti máa da ìyókù nù nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mà á ní mo ti mu ún tán. Nígbà tí wọ́n rí àpá pupa tí rọ́bà fà sí mi lára, mo ní ooru ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bu omi tútù sí omi gbígbóná wọn. Wọ́n rò pé omi àwọn ló ń bó mi.

Nígbà tí a gbé ọmọ lọ fún ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì wo káàdì rẹ̀, ó tún wo ọmọ. Ó ní kò wúwo sí i rárá. Ó wá bi mí bóyá mò ń jẹun dáadáa. Kí n tó yanu, ìyá ọkọ mi ti dáhùn: "Ó ń jẹun, nọ́ọ̀sì. Èmi fúnra mi ni mò ń gbé e fún un." Mo dákẹ́. Títí dòní, ojú ń tì mí tí mo bá rántí pé mo dákẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n wẹ ọmọ tán, mo bá wọn nínú yàrá, wọ́n ń ká ìró wọn sínú báàgì.

"Màámi, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Oǹdó. Pe ìyá rẹ kí wọ́n wá. Gbogbo ọmọ ìdílé yìí ni mo wẹ̀, kò sí èyí tó rù lọ́wọ́ mi rí. Mo bó ìwọ lára, ọmọ ò sanra. Ọwọ́ mi ni ò dáa mọ́, ìyàwó mi."

Wọn ò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bínú. Wọ́n kàn la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n ń wò ó bí ohun tí wọn ò rí rí. Àánú wọn ṣe mí, mo bá ká bùbá mi sókè.

Wọ́n fi ìka kan tẹ rọ́bà náà. "Kí lèyí?"

"Òun ni kò jẹ́ kí n lè jẹun, Màámi. Mo ti ń da ògì yín nù. Òun náà ló fa àpá sí mi lára. Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan."

Mo ń retí èébú. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìkọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n sì ṣe ń tú u ni wọ́n ń sọ tiwọn. Wọ́n ní pẹlẹbẹ ni àwọn rí nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, láyé ìgbà tí obìnrin tí kò bá ní ìdí kò lè gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́. Yẹ̀rì mẹ́ta ni wọ́n máa ń wọ̀ lé ara wọn, wọ́n á tún so tòbí mọ́ ọn, aṣọ àwọ̀sábẹ́ olókùn yẹn tó ní àpò níwájú, wọ́n á yí àpò náà sẹ́yìn, wọ́n á sì ki àkísà kún un. Lọ́jọ́ kan, oòrùn mú wọn, wọ́n dákú lọ́nà oko. Ìyá ọkọ tiwọn ló bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lára wọn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni ń bó àlùbọ́sà.

"Kí ni wọ́n wá sọ, Màámi?"

"Wọ́n ní, 'Ṣé abẹ́ gbogbo èyí náà lo wà?'"

A rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Wọ́n gbé e, wọ́n pè é ní "ọma mi" bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ní Oǹdó, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì lọ po ògì mìíràn. Mo mu ún tán lójú wọn. Nígbà tí a tún gbé ọmọ lọ wọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń kún.

Ayé fẹ́ kí obìnrin tóbi nígbà kan, ayé tún fẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́, àwa náà ń fi aṣọ abẹ́ sáré tẹ̀lé e. Èmi ṣì máa ń wọ irú bẹ́líìtì yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò ní ṣe bí ẹni tó gbọ́n tán. Ikùn tí mo fún kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé nítorí kí n lè fi ara mi pamọ́, ó kù díẹ̀ kí n jẹ́ kí àgbàlagbà kan gbà pé òun ò wúlò mọ́.

Nígbà tí oyún kejì pé oṣù mẹ́jọ, mi ò ránṣẹ́, mi ò pè wọ́n lórí fóònù. Èmi fúnra mi ni mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Ọwọ́ mi yìí náà?"

Mo di méjèèjì mú. "Òun náà ni, Màámi. Òun ni mo wá mú."