Ohùn Tí Mo Rán sí Oko Ìdèrè

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi fún láfún ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní abà wa lẹ́yìn Ìdèrè, kó tó rí òrùlé kankan. Lẹ́yìn náà ni yóò rí àpáta dúdú tó tẹ́ rẹrẹ, tí à ń sá láfún lé. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbé. Mo ti kọ́lé sí Ìgbó-Ọrà nígbà náà, páànù rẹ̀ ń dán débi pé òun ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò, ṣùgbọ́n ìyá mi ní òun ò lè sùn lórí sìmẹ́ńtì.

Ìwọ náà mọ̀ mí. Ilé-ìwé ò mú mi dé ibì kan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tuntun tó wọ Ìbàràpá tí kì í kọ́kọ́ yà kí mi. Fóònù alágbèéká ò tíì dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, wáyà fóònù ìlú sì ti kú sórí òpó. Ni mo bá gba Èkó lọ wá wokitọ́kì, ẹ̀rọ méjì tí èèyàn méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn láìsí wáyà. Oníṣòwò náà gbé oríṣi méjì jáde, ọ̀kan kéré, ó ń dán bíi dígí, èkejì wúwo bíi búlọ́ọ̀kù.

"Alàájì, kékeré yìí làwọn ọ̀gá ń lò."

"Àwọn ọ̀gá yẹn ní àpáta lóko?"

Ńlá ni mo rà. Ohùn tí yóò fo àpáta kì í ṣe ohùn ọmọdé.

Mo fi ẹ̀rọ kan sílé, mo gbé ìkejì rẹ̀ fún ìyá mi lóko. Gbogbo àdúgbò yọ̀, àfi òun. Aṣọ ló fi bo ẹ̀rọ náà. "Àkànní, téèyàn bá gbọ́ tí wọ́n ń pe òun lóko, tí kò rí ẹni tó ń pè, ṣe ló ń panu mọ́."

"Màmá, èmi ni n ó máa pè yín."

"Iwin náà á ní ìwọ ni òun."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó wá ní tí mo bá pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, òun á dáhùn, torí iwin kì í ní sùúrù dé ẹ̀ẹ̀kẹta.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, mo dúró níwájú ilé lọ́sàn-án, mo rí èéfín dúdú tó ṣú bo ọ̀nà Ìdèrè. Iná ìgbẹ́ ni. Mo gbé ẹ̀rọ, mo pè. Kò sí èsì. Mo tún pè. Mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ mi tó dúró tì mí bú sẹ́rìn-ín: "Alàájì, búlọ́ọ̀kù yín ti sùn o!" Mo pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn ìyá mi wá, ó mọ́ gaara, kò ní ariwo ṣaa tó máa ń bá a wá: "Mo gbọ́ o. Mo ń sọ̀ lọ sódò."

"Ṣé o gbọ́?" mo bi mẹkáníìkì. "Owó ló ń sọ̀rọ̀ yẹn!" Mo fò sórí ọ̀kadà.

Etí odò ni mo ti bá a, eérú bo ẹsẹ̀ rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lọ́wọ́. Abà ti jóná ráúráú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin ẹ̀rọ mi. Ó wò mí.

"Ẹ̀rọ wo? Inú ilé ló jóná sí."

Ó ṣí ìdí tọ́ọ̀ṣì. Òkúta báńtìrì wokitọ́kì ló wà níbẹ̀, ó ti yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ tipẹ́, torí ti tọ́ọ̀ṣì ti kú.

"Orí àpáta ni mo ti ń kó láfún," ló wí. "O pè mí lẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ọ, iná ni mo rí. Ni mo bá dá ọ lóhùn. Àkànní, ta lo rán sí mi?"

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún mẹkáníìkì, tóun náà ṣáà fetí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn náà, kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Ìyá mi wá bá mi gbé ní Ìgbó-Ọrà. Nígbà mìíràn, bó bá ń bó ẹ̀gúsí lọ́sàn-án, yóò dáwọ́ dúró, yóò wo ẹnu mi. "Ṣé o pè mí?" Mi ò lanu rárá. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ̀rù má baà bà á, títí Ọlọ́run fi gbà á.

Lónìí, abà wo ni kò ní fóònù? Èmi náà làwọn ọ̀dọ́ ń bi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló ń gbé ohùn kọjá àpáta, mo sì ń sọ fún wọn, torí ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ṣùgbọ́n èyí tó gbé tèmi lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá mi yè, mo dúpẹ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ohùn ara mi rìn láìsí èmi, ó mọ̀nà, kò sì sọ ẹni tó bá òun rìn. Bí mo bá wà lóko báyìí tí mo fẹ́ ẹnì kan, n kì í pariwo pè é. Ṣe ni mo máa ń rìn lọ bá a.