Ìyá Thoan àti Òpó Iwájú

Òpó méjìdínláàádọ́ta ló gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà abúlé wa ró ní ìpínlẹ̀ Nam Định. Igi lim, igi tó le bí irin, ni gbogbo wọn, kò sì sí ìṣó kan ṣoṣo lára wọn. Ẹni tó bá wo ògiri òkúta àti ilé agogo rẹ̀ láti ìta á rò pé òyìnbó ló kọ́ ọ. Ìgbà tó bá wọlé, tó gbójú sókè sí àwọn igi àjà tí wọ́n gbẹ́ òdòdó òṣíbàtà sí, ló máa tó mọ̀ pé àwọn káfíńtà wa ló ni inú. Àwọn baba ńlá wa ló fi òpó wọ̀nyẹn tọrẹ, ìdílé kan, òpó kan. Ibẹ̀ ni owú Ìyá Thoan ti bẹ̀rẹ̀.

Òpó tí gbogbo abúlé mọ̀ sí ti ìdílé Đoàn, ìyẹn ìdílé Thoan, wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí èéfín alùpùpù ti ń fẹ́ wọlé. Ti ìdílé Vũ, ìyẹn ìdílé Ìyá Mùi, wà níwájú pẹpẹ gan-an, ó sì sanra débi pé àlùfáà mẹ́ta lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n jẹun lọ́jọ́ ààwẹ̀. Ogójì ọdún ni Mùi ti ń fi èjìká tì í gbàdúrà. Ogójì ọdún náà ni Thoan ti ń wo ìpàkọ́ Mùi láti òkèèrè. Ó mọ iye ewú tó wà níbẹ̀ ju iye ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ lọ. Èyí tó tún burú jù ni pé ọjọ́ mọ́kànlá péré ni Mùi fi jù ú lọ, síbẹ̀ "ẹ̀gbọ́n" ló gbọ́dọ̀ máa pè é.

Thoan kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń gbin ìrẹsì, ó tọ́ ọmọ márùn-ún yè, kò sì sí aláìsàn tí kì í gbé oúnjẹ lọ fún. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ Sátidé, á mú òróró àgbọn, á fi nu òpó ẹ̀yìn títí ológbò á fi rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, tí á sì fẹsẹ̀ fẹ. Wọ́n ní òpó yẹn dán ju orí Fádà Tịnh lọ. Fádà fúnra rẹ̀ ò jiyàn.

Lọ́dún tí òrùlé jò, Bàbá Quýnh, àgbà káfíńtà, gbé àkàbà wá, ó ń fi òòlù lu òpó kọ̀ọ̀kan lórí àti nídìí. Thoan ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí tiwọn yè, kí ti Mùi bàjẹ́. Òpó ẹ̀yìn dún kóó. Orí òpó iwájú, lábẹ́ ibi tí omi ń jò sí, dún bí ìkòkò òfìfo.

"Ikán," ni Bàbá Quýnh wí.

"Ó mà ṣe o, ẹ̀gbọ́n," ni Thoan sọ fún Mùi, ẹnu rẹ̀ ò sì lè pa dé. "Mo ti ń fura tipẹ́. Igi yẹn ò ní láárí."

"Àbúrò mi, kì í ṣe ikán," ni Mùi dá a lóhùn. "Ojú tí o fi ń wò ó láti ogójì ọdún ló jẹ ẹ́."

Nípàdé ìjọ, Thoan ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ tún un ṣe. Kí wọ́n là á, kí àwọn káfíńtà fi dáná ìrẹsì wọn. Fádà Tịnh gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n fi jáàkì gbé òrùlé sókè díẹ̀, wọ́n yọ òpó náà kúrò lórí òkúta ìdí rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sí àgbàlá. Nísàlẹ̀ ìdí rẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó rí, wọ́n ti fín orúkọ ẹni tó fi í tọrẹ. Mùi bẹ̀rẹ̀, ó kà á. Ó tún un kà. Ìgbà kẹta ló wá kà á sókè débi tí àwọn ẹlẹ́ja fi gbọ́ ọ lọ́jà:

"Phaolô Đoàn Văn Khởi."

Bàbá bàbá Thoan ni.

"Àwọn káfíńtà àtijọ́ ò wo orúkọ," ni Bàbá Quýnh ṣàlàyé. "Igi tó bá sanra jù ni wọ́n ń gbé síwájú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lẹ fi pín in lẹ́yìn náà. Ẹni tó ni ti ẹ̀yìn yẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ àfi tá a bá tú u."

Thoan rìn lọ, ó jókòó sórí igi náà.

"Ìyá, ẹ dìde ká là á," ni ẹni tó mú ayùn dání wí.

"Kẹ́ ẹ la kí ni?"

"Igi tí ò ní láárí," ni Mùi bá wọn dáhùn. "Omi ìrẹsì ti ń hó, àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n, ikán kì í jẹ igi lásán. Igi aládùn ló ń jẹ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi rí igi yẹn là. Bí Thoan bá lọ jẹun, ọmọ rẹ̀ kan á jókòó dípò rẹ̀. Adìẹ Fádà ti ń sùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá Quýnh juwọ́ sílẹ̀: ó gé orí tó jẹrà kúrò, ó so igi tuntun mọ́ ọn, wọ́n sì dá òpó náà padà sáyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Thoan wọlé pẹ̀lú ẹní rẹ̀, ó gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ síwájú bí ìyàwó. Mùi ti fi èjìká ti òpó náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òpó wa nìyẹn."

"Èjìká mi ti mọ́ ọn lára. Lọ sí apá kejì."

Ó lọ sí apá kejì. Láti ọjọ́ náà, èjìká méjì ló wà lára òpó kan, oníkálukú ń gbàdúrà sókè ju ẹnì kejì lọ, akọrin ò sì rí ohùn ara wọn gbọ́ mọ́.

Ọkàn Thoan ì bá ti balẹ̀, ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn lọ́jọ́ kan. Ìyàwó tuntun kan ti fẹ̀yìn ti òpó ẹ̀yìn, ó di ojú, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Thoan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta ló fún ọmọ yẹn láṣẹ kó fara ti òpó yẹn?"

"Òpó ta ni?"

Thoan kọjú sí pẹpẹ, ó gbé àdúrà rẹ̀ sókè sí i.