Onígìtá Kan, Téèpù Ìlú Méjì

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọ wọn fẹ́ ṣe ìkórè, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò kí mi tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ní mo ń fa orin náà. Wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Wá jẹ́rìí fún mi."

"Bọ̀ọ̀dá, èmi náà ti ń sọ fún yín láti ìgbà tí mo ti fẹ́ àbúrò yín pé ẹ̀ ń fà á."

"Mo mọ̀. Ṣáà máa bọ̀. Ẹni tó bá ti bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun ló mọ ọ̀rọ̀ náà jù."

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe jẹun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò pe èmi alára wá jẹ́rìí rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹni tó mọ̀ pé n kò gba tòun.

Orin tí à ń sọ yìí kì í ṣe orin ìjọ. Òyìnbó kan ló ni ín, onígìtá rọ́ọ̀kì tó kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin tó sọ ọ́ di ẹni ńlá, tó wá ń dá àwo tirẹ̀ ṣe. Kì í sinmi. O kò tíì gbọ́ èyí tó ṣe kẹ́yìn yó, òmíràn á ti dé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò fojú kàn án rí, síbẹ̀ kò sí mọ̀lẹ́bí kankan tí à ń jiyàn lé lórí tó o.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin òyìnbó náà, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lóde. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń bá èèyàn da orin kọ sínú téèpù. Téèpù rẹ̀ kò ní àwòrán, kò ní orúkọ orin. Nọ́ńbà ló máa ń fi báírò kọ sí i lára. Àwa tí à ń rà á la wá ń sọ àwo kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Èyí tó kún fún ẹkún là ń pè ní Opó. Èyí tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọrin là ń pè ní Má Ṣe É Mọ́, nítorí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ẹlẹ́ṣin. Ṣe ni gìtá inú rẹ̀ ń sáré bí ẹṣin tó já okùn, tí ìlù ń lé e kiri, tí ọwọ́ ìlù kò sì tó o.

Ìyá mi, tó ń ta ẹní lọ́jà, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kan, ó fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Ta ló ń na ọkùnrin yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń nà án, Ìyá. Gìtá ni."

"Kí ló wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Mo ti ka oríṣiríṣi ohun tí àwọn tó mọ orin kọ nípa ọkùnrin yìí láti ìgbà náà, kò sí èyí tó kọjá ibi tí ìyá mi dé. Ó máa ń bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́. Kódà nínú àwo rẹ̀ tó burú jù, ibì kan á wà tí gìtá á fi ariwo sílẹ̀, tí á mú ohùn kan ṣoṣo, tí á fà á títí, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé tí kò fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Nítorí ibẹ̀ yẹn ni mo ṣe ń ra èyí tó bá tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí ìyàwó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ara mi kò balẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ tó tún ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, jókòó tì mí. Nígbà tó yá, ó béèrè irú orin tí mò ń gbọ́. Mo dárúkọ òyìnbó wa. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé àpò ọ̀rá kan jáde tó kún fún téèpù, nọ́ńbà báírò lára gbogbo wọn.

"Sábó ni mo ti rà wọ́n," ó ní, "lọ́wọ́ Alájì kan tó ń ta bátìrì." Ó ki ọ̀kan bọ inú ẹ̀rọ. "Èyí ni olórí gbogbo wọn. Arúgbó Ń Gòkè là ń pè é níhìn-ín."

Orin bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́ṣin mi ni, àmọ́ ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ohùn gìtá náà ki, ó wúwo, ó ń dúró mí kó tó gbé ẹsẹ̀ tó kàn.

"Bọ̀ọ̀dá, bátìrì ẹ̀rọ yín ti ń kú."

"Iná mànàmáná ló ń lò."

"A jẹ́ pé téèpù yín ló ń fà."

"Tìẹ ló ń sáré. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, kí lẹ tilẹ̀ ń lé?"

Ìyàwó mi, tí kò tíì di ìyàwó mi nígbà náà, gbé oúnjẹ wọlé. Ó ní ṣé kì í ṣe ìjà là ń jà.

"Rárá," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Èèyàn dáadáa ni. Kò gbọ́ orin, àmọ́ èèyàn dáadáa ni."

Bí a ṣe wà nìyẹn láti Iléyá dé Kérésì, láti Kérésì dé Iléyá. Nígbà tí fóònù dé, tí gbogbo àwo ọkùnrin náà wà lórí rẹ̀, a jọ ń gbọ́ àwọn tuntun, àmọ́ kò sí ẹni nínú wa tó fọwọ́ kan àwọn ti àtijọ́. Èmi tí mò ń wádìí ọ̀rọ̀ kiri kò wádìí èyí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bó bá jẹ́ pé téèpù Sábó ló jẹ́ òótọ́, ta wá ni mo ti ń fẹ́ràn láti ìgbà ọ̀dọ́ mi?

Ohun tó wá ká ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lára lọ́tẹ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn. Láti ìgbà tó ti ń ta gìtá ní ìjọ wọn, ẹ̀yìn akọrin ló ti ń ta á. Wọn kò fún un láyè rí kó dá orin kan ta. Ìkórè yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó ta ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ, ó sì mú Arúgbó. Ni ọmọbìnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bá lọ gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní Bọ̀ọ̀dá ń fà á. Olórí akọrin wá sọ pé bí wọn kò bá fẹnu kò títí ọjọ́ Sátidé, òun á yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n kọ orin ọrẹ tí wọ́n ti ń kọ bọ̀.

Mo mú Ẹlẹ́ṣin dání, èmi àti ìyàwó mi bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi, mọ́ṣáláṣí ti kọ́ mi. Ọmọbìnrin oníkíbọ́ọ̀dù kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí?"

"Èmi ni."

"Ẹlẹ́rìí ta ni yín?"

"N kò tíì mọ̀."

Olórí akọrin, ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun rẹ̀ dáadáa, jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí orin náà ń sọ gan-an.

"Kò sọ nǹkan kan, Mọ́mì," ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wí. "Gìtá lásán ni."

"Ó dáa. Ohun tí kò bá sọ̀rọ̀ kò lè ṣì í sọ. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ti inú fóònù yẹn ná."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Orin jáde, kò sáré, kò sì fà. Ọkùnrin kan tó ń rìn lọ síbi tó mọ̀ ni, kò kánjú, kò sì fi falẹ̀. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá wo ara wa.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè lọ́wọ́ mi.

"N kò mọ̀ ọ́n rí."

"Òun náà ni, sà," ọmọbìnrin náà ní. "Ẹ̀rọ tí wọ́n fi da tiyín kọ ló yàtọ̀. Ọ̀kan ń kánjú, ìkejì ń tòògbé."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ǹṣì mú. "Gbogbo iyán tí mo ti gún fún ìjà yín," ó ní.

Olórí akọrin kọjú sí mi. "Ẹlẹ́rìí, o ti gbọ́. Èwo ni ká ta?"

Òótọ́ wà nínú fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa kọ ọ́ bó bá jẹ́ ìròyìn. Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan.

"Mọ́mì, bí wọ́n bá ń gba ọrẹ, ta ló máa ń kọ́kọ́ jó wá síwájú?"

"Àwa ìyá àgbà ni."

"Ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá ta á bó ṣe mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ jó o wò."

Bọ̀ọ̀dá gbé gìtá kọ́rùn. Ìyá náà dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó gbé ìkejì, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Kó tó dé ibi tí àwọn ìlù wà, ó ti yí padà, ó ń jó bọ̀. Ó tún jókòó.

"Ti inú fóònù, kí àwọn ọmọ wa máa jó ìyẹn. Tèmi nìyí." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìwọ, bá a lọ."

Ọmọbìnrin náà tẹ bọ́tìnnì kan, kíbọ́ọ̀dù rẹ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó bá Arúgbó dọ́gba. Ẹlẹ́ṣin kò kúrò nínú àpò mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ìyá gbé iṣu, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lérí, wọ́n rọra ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá dé ibi tí gìtá ti ń bẹ̀bẹ̀, ó pa ojú dé, ó fà á gùn ju ti téèpù Sábó lọ. Ìlà àwọn ìyá dúró dè é. Wọn kò tún ẹsẹ̀ gbé títí ohùn náà fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì dún. Mo wo ẹsẹ̀ tèmi. Ó ti bá wọn lọ.

Bọ̀ọ̀dá wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, òógùn bo ojú rẹ̀. "Ṣé mo fà á?"

"Ẹ fà á, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó ta kú pé òun ló máa gbé wa padà sí Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ṣì ní ẹ̀rọ téèpù. Bí a ṣe jáde nílùú, ó na ọwọ́ sí mi láìwẹ̀yìn.

"Mú Ẹlẹ́ṣin rẹ wá. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀ ń lé."

Ó fi í sí i. Ó ń fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ ìdarí ọkọ̀, igi káṣú ẹ̀bá ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára kọjá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra," ìyàwó mi ké láti ẹ̀yìn. "Orin ló yẹ kó máa sáré, kì í ṣe mọ́tò."