Ohun Tí Wọ́n Fi Pamọ́ fún Mi Torí Ìdánwò

Ìgbà kẹta tí mo ń múra ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ni ọpọlọ mi kọṣẹ́ sílẹ̀. Mo lè jókòó ti ìwé kẹ́mísìrì láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí n ka ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí n má mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọyẹ́ ń bu ìka ọwọ́ mi jẹ, irun mi ń já sínú kóòmù, àyà mi sì ń já láìsí ẹni tó lé mi. Nígbà mìíràn, màá kàn bú sẹ́kún nídìí ẹ̀rọ omi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ pé ó rẹ òun?

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Anglo Jos. Màmá mi ń ta aṣọ lọ́jà. Nítorí ìdánwò yìí, mi ò gbọdọ̀ gbálẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fọ abọ́. Bí bàbá mi bá fẹ́ gbọ́ rédíò, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi pẹ̀lú. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Ó kàn ń bí mi nínú ni, torí kò sí ohun tí mo lè fọwọ́ kàn mọ́ àfi ìwé tí kò wọlé.

Ẹnìkan ṣoṣo tí kì í béèrè bí ìwé ṣe ń lọ ni ìyá màmá mi. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, kí òtútù Jos tó lé wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tó ṣáájú. Gbogbo ọjọ́ Sunday la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù màmá mi. Wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun? Lọ sinmi jàre, ìwé ò ní sá lọ." Mo ní mo fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn. Màmá mi ní kí n ṣe ìdánwò ná.

Lọ́jọ́ Sunday kan, màmá mi ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, wọ́n ní ìpàdé ẹbí ni. Nígbà tí wọ́n padà dé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sí pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo jáde sí wọn, mo jágbe.

"Haba, Mọ́mì! Ẹ ní kí n kàwé, ẹ tún wá ń kó èrò wálé! Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún fìdí rẹmi ni?"

Ojú màmá mi ti wú. "Má bínú," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti ń lọ." Wọ́n ń bẹ̀ mí, èmi ọmọ wọn. Mo padà sí yàrá, mo sì pa ilẹ̀kùn dé gbàà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ra kúnú lọ́wọ́ ìyá Háúsá kan ládùúgbò wa. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Sannu. Ya haƙuri? Allah ya jiƙan Kaka."

Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ìyá àgbà nìyẹn. Háúsá yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ; ẹnu mi ti dáhùn "Amin" kí ọkàn mi tó gbọ́ ohun tó sọ. Obìnrin náà kò mọ̀ pé nílé tiwa, a kì í túfọ̀ fún ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò.

Ó yẹ kí n lọ bá màmá mi, ká jọ sunkún. Ohun tí mo ń rò bọ̀ nílé ni pé bí mo bá sọ pé mo ti gbọ́, ìdánwò ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Mo wọlé, mo kí wọn, mo ṣí ìwé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́: ìwé náà wọlé lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe pé ara mi yá o. Ńṣe ni gbogbo ara mi kú, tí nǹkan kan ò dùn mí mọ́. Bí mo bá gbọ́ tí màmá mi ń fọnmú ní kíṣìnnì, mo máa ń wúkọ́ kí n tó wọlé, kí wọ́n lè ráyè nu ojú.

Ọjọ́ tí mo ti ibi ìdánwò dé, wọ́n ní kí n jókòó. Bàbá mi gbé omi wá. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ po títí, kí màmá mi tó ní, "Màmá ò sí mọ́. A ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú ni." Mo wá ẹkún, mi ò rí i. Wọ́n dì mọ́ mi, àwọn ni wọ́n wá ń sunkún.

Mo yege. Títí di òní, màmá mi máa ń sọ fún àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ wọn pé ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn gbé ọ̀fọ̀ ìyá àwọn mì, kí ọmọ àwọn lè rójú ṣèdánwò. Ìtùnú kan ṣoṣo tí wọ́n ní lórí ikú náà nìyẹn, mi ò sì lè gbà á lọ́wọ́ wọn.