Wọ́n Ní Àwọn Ń Bọ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní àdúgbò wa ní Alápẹ̀rẹ̀ pé èmi ni mo gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ikú nínú aṣálẹ̀. Ẹ bi ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa, á sọ fún yín. Ẹ bi lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí, òun náà á sọ ọ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mò ń ṣe é, mo sì gbádùn rẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkòsì. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ya aṣálẹ̀ Nàmíbíà sára pátákó fún àwọn ọmọ tí kò rí iyanrìn rí ju èyí tí típà ń dà síwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé òkun kan iyanrìn níbẹ̀, òkun kan náà tó wà ní Èkó níbí, àmọ́ omi rẹ̀ tutù débi pé òjò kì í rọ̀, kùrukùru nìkan ló ń rí rán wọ ilẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnu mi sú ara mi. Mo ní ó tó gẹ́, mo lọ wò ó. Èmi nìkan.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ẹni tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ. Láàárọ̀, mo máa ń rìn létí òkun, kùrukùru á bo gbogbo nǹkan. Tó bá dọ̀sán á ká, òkè iyanrìn á yọ, pupa bíi gàrí olépo, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Mo máa ń jókòó sórí ẹ̀, màá jẹ bisikíìtì mi. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọkọ mi dà. Mo sunkún níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìdùnnú ni, kò sí nǹkan kan tó ṣe mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀. Àlàájà ni wọ́n, tòmátì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya ní Mile 12. Tí ọkọ̀ ńlá bá ti ń já apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀ẹ́ ti máa gbọ́ ohùn wọn kẹ́ ẹ tó rí wọn. Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú ní Ìsẹ́yìn, àwọn ló rán mi níwèé títí mo fi jáde. Torí náà “wọ́n” ni màá máa pè wọ́n títí tí màá fi parí ọ̀rọ̀ yìí. Bó ti wù kí inú bí mi tó, ẹnu mi ò lè sọ wọ́n di “ó”.

“Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà,” ni wọ́n wí lọ́jọ́ tí mo dé. Ìyẹn ò tó wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà pé àbúrò àwọn, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, ló lọ dá jókòó sórí yẹ̀pẹ̀ nílẹ̀ onílẹ̀. Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé nígbà tó ṣe, ejẹ́ǹtì kan ní Gbàgádà tó máa ń kó èèyàn lọ sí Dubai bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sí Nàmíbíà, ẹ̀gbọ́n mi sì gbọ́. Wọ́n ti lọ Mẹ́kà, wọ́n ti lọ Dubai, wọn ò fẹ́ kí aṣálẹ̀ kankan kù láyé táwọn ò tíì tẹ̀. Wọ́n forúkọ sílẹ̀. Wọ́n forúkọ tèmi náà sílẹ̀ láìbi mí.

“Ta ló máa bá mi gbọ́ òyìnbó?” ni wọ́n wí. “Ṣebí ìwọ lo mọ ibẹ̀.”

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kọ̀ fún ẹni tó tọ́ mi?

Àwa mẹ́jọ la lọ, jíìpù méjì, mẹ́rin nínú èyí, mẹ́rin nínú ìyẹn. Èmi ni mò ń gbé báàgì ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mò ń bọ́ bàtà wọn gbọn iyanrìn inú ẹ̀ dànù. Wọ́n gbé ata díndín sínú ike láti ilé, wọ́n ń bu ú sórí ẹja àwọn onílé oúnjẹ lójú wọn, wọ́n ń sọ pé oúnjẹ wọn ò ní láárí. Wọ́n gun òkè iyanrìn tó ga jù, wọ́n ní ibẹ̀ á mà dáa láti sá tòmátì o. Gbogbo ibi tí mo ti jókòó jẹ́ẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ariwo la fi bò ó: ẹ wá dúró níbí, ẹ yà mí ní fọ́tò dáadáa, ẹ tún un yà. N kò rí ojú òkun náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹnì kan má dúró síwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, nínú jíìpù, obìnrin kan láti Màgódò, tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ wa, rọra bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo ti dá wá síbẹ̀ rí. Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á lẹ́nu mi.

“Ẹ jàre, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ọkùnrin ò fẹ́, ṣebí atẹ́gùn á fẹ́ ẹ.”

Ọkọ̀ kún fún ẹ̀rín. Èmi náà rín in. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Awakọ̀ wa, ọmọ ìlú wọn níbẹ̀, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, rí i pé gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tiẹ̀ yẹn ló dùn mí jù.

Kò pẹ́ sígbà náà la dúró létí òkun, níbi tí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan ti jẹrà sínú iyanrìn. Jíìpù kejì dúró níwájú, tiwa wà lẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ ní ká má pẹ́, nítorí kùrukùru ti ń bọ̀ lórí omi. Ìtọ̀ wá ń gbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò sọ fún mi. Bí wọ́n bá sọ fún mi ni, ǹ bá tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ wa, wọ́n nawọ́ sí òkè iyanrìn kan lọ́ọ̀ọ́kán, lápá ibi tí jíìpù kejì wà, wọ́n sì sọ fún un lóyìnbó pé àwọn ń bọ̀. Mo dúró nítòsí. Mo gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí wọ́n wí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń lọ ló ń sọ pé òun ń bọ̀. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí ní Kétu, ẹni tẹ́ ẹ wá rí á kọ ẹ̀yìn sí yín, á ní òun ń bọ̀, á sì jáde, ẹ̀ẹ́ jókòó dè é. Ohun tí ọkùnrin yẹn gbọ́ kọ́ nìyẹn. Ó rí ọwọ́ tí wọ́n nà, ó rí jíìpù kejì níbi tí ọwọ́ náà nà sí, ó rò pé inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ bá bọ̀. Ó mi orí sí wọn.

Kùrukùru yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Jíìpù kejì kọ́kọ́ ṣí. Awakọ̀ tiwa wọlé, ó wẹ̀yìn, ó rí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tọkọtaya Màgódò ń wo fọ́tò lórí fóònù wọn. Ó bi mí pé ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti bá àwọn tọ̀hún.

“Wọ́n ní àwọn ń bọ̀,” ni mo wí, òyìnbó tó dán, òyìnbó tíṣà.

Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa, kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Ó tẹ iná mọ́tò. Bó ṣe ń yí ọkọ̀ po, mo wẹ̀yìn. Mo rí ìborùn yẹ́lò wọn tó ń yọ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè iyanrìn. Mo yí ojú síwájú.

N kò fẹ́ kí wọ́n kú. Mo ní tá a bá ti dé ojú títì, màá sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Kí wọ́n dá dúró níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ wọn, kí atẹ́gùn fẹ́ àwọn náà wò. A dé ojú títì, n kò sọ. Fèrèsé funfun báláú, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi, mo na ẹsẹ̀ sí àyè wọn. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí n kò tíì sọ ọ́ látàárọ̀, ìyẹn sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn. Báyìí lèèyàn ṣe ń di ìkà, díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Nígbà tá a dé ibi tá a ti fẹ́ jẹun ọ̀sán, àwọn ti jíìpù kejì ti ń dúró dè wá. Obìnrin kan nínú wọn yọjú sínú ọkọ̀ wa, ó ní, “Àlàájà ńkọ́?”

Ìgbà náà ni mo wá figbe bọnu. Mo ju ara mi mọ́lẹ̀, mo di awakọ̀ wa lẹ́sẹ̀ mú, mo ní wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n mi. Awakọ̀ kejì ní ó léwu láti padà nínú kùrukùru yẹn, àfi kó ká. Àwọn yòókù ń sọ pé ká fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo ní irọ́ ni, mo wọnú ọkọ̀, mo ní ẹni tó bá máa fà mí jáde kó wá fà mí. Ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí nìyẹn, òun náà ni wọ́n gbé dé Èkó. Awakọ̀ wa wà á padà. Ó ń wò mí nínú dígí ní gbogbo ọ̀nà. Kí a tó kúrò nílùú wọn, wọ́n ti lé e níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi ì bá gbà á sílẹ̀, n kò sì sọ ọ́.

Ó lé ní wákàtí méjì tá a fi wá wọn. À ń fun fèrè, à ń ké. Wọ́n ti gbọ́ ìró òkun nínú kùrukùru, wọ́n rò pé ìró ọkọ̀ ojú títì ni, wọ́n bá tẹ̀ lé e, wọ́n yọ̀ láti orí iyanrìn, wọ́n já lu òkúta. Itan ọ̀tún wọn ṣẹ́. Omi ti ń kàn wọ́n lẹ́sẹ̀ nígbà tá a rí wọn, òtútù ti mú wọn débi pé eyín wọn ń lu ara wọn. Wọ́n rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn.

Àwọn dókítà fi irin sí itan náà lọ́hùn-ún, wọ́n tún un ṣe nígbà tá a dé Èkó, síbẹ̀ kò jinná dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè dúró lọ́jà mọ́, ẹlòmíràn ló ń gba tòmátì wọn báyìí. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà lókè òkun. Ta ló tún kù? Mo kó kúrò ní yàrá mi ní Ìkòsì, mo wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Tí mo bá dé láti ilé ìwé, mà á se oúnjẹ, mà á wẹ̀ wọ́n, mà á gbé wọn lọ sílé ìyàgbẹ́. Ibi tó jìnnà jù tí mo ti dé láti ìgbà náà ni ilé oògùn.

Oṣù kejì tí a dé, mò ń fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n bi mí, jẹ́jẹ́, bóyá mo gbọ́ nígbà tí àwọn sọ fún awakọ̀ yẹn pé àwọn ń bọ̀.

“N kò gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi.”

“O ò gbọ́.”

“Òkun ni mò ń wò.”

Wọ́n jẹ́ kí n fún aṣọ náà, kí n tún un rì bọmi. “Mo rí ọ,” ni wọ́n wí. “Mo juwọ́ sí ọ. O wò mí, o sì yí ojú.”

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tí mo tún fẹ́ kúnlẹ̀ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kí wọ́n lù mí, kí wọ́n lé mi jáde, kí wọ́n pe gbogbo ẹbí kí wọ́n sọ fún wọn.

“Kí n lé ọ kẹ̀? Ta ni kó wá máa gbé mi?” Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí abọ́. “Omi yẹn ti ń tutù.”

Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ rò pé àánú ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wọn lọ́jọọjọ́ Àìkú. Gbogbo ìgbà tí àlejò bá ti jókòó, wọ́n á pè mí láti ilé ìdáná. “Wá sọ fún wọn bó o ṣe gbà mí là.” Mà á nu ọwọ́ mi, mà á dúró láàárín yàrá, mà á sọ ọ́. Bí mo bá fo ibì kan, wọ́n á rán mi létí pé n kò tíì sọ ibi tí mo ti ju ara mi mọ́lẹ̀. Àwọn àlejò á máa ké pe Ọlọ́run, wọ́n á máa nu ojú. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wò wọ́n. Èmi ni wọ́n ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan nínú àwọn aláta gbé ọwọ́ lé mi lórí lẹ́yìn tí mo parí. Ó ní, “Bó o ṣe ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n ṣe fún ìwọ náà lọ́jọ́ alẹ́ rẹ.” Gbogbo ilé ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe tiwọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá rí i pé n kò la ẹnu.

“Wọ́n ń ṣàdúrà fún ọ,” ni wọ́n wí. “Ṣe àmín.”

Mo ṣe àmín.